Ládípọ̀ Ṣóláńkẹ́: Ọmọ Ẹ̀gbá tí ó dá ilé sílẹ̀ fún àwọn ará rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù

Nínú irú ìwé ìrántí báyìí, àwòrán àwọn olóyè ẹgbẹ́ ni ó máa ń ṣíwájú, ìkíni àwọn ọba àti àwọn ìjòyè a tẹ̀lé e, àwọn oníṣòwò a sì fi ìpolówó ọjà wọn kádìí rẹ̀. Gbogbo ìwọ̀nyí wà nínú ìwé yìí pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n àwa tí a yàn láti ṣètò rẹ̀ rò ó pé, nígbà tí a bá pe ènìyàn jáde láti wá dáwó ilé ẹgbẹ́ ní ìlú tí kì í ṣe ìlú baba wa, ó yẹ kí a sọ ìtàn ẹni kan tí ó ti ṣe irú iṣẹ́ yìí ṣáájú wa, ní ibi tí ó jìnnà sílé ju ibí lọ, tí òtútù rẹ̀ sì mú ju ọyẹ́ lọ. Ẹni náà ni Lọ́yà Ládípọ̀ Ṣóláńkẹ́, tí ó dá ẹgbẹ́ WASU sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù.

Bí ọdún 1886 ni a bí i ní Abẹ́òkúta. Ọládípọ̀ Felix ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Lẹ́yìn tí ó ti kàwé nílé, ó rékọjá sí Fourah Bay College ní Freetown, ní ilẹ̀ Sàró, ilé ẹ̀kọ́ gíga tí Àjàyí Crowther ti wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní ọdún 1922, ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ iṣẹ́ òfin ní University College. Kì í ṣe ọmọdé mọ́ nígbà náà. Ó ti lé ní ọmọ ọdún márùndínlógójì, ọ̀pọ̀ àwọn tí ó bá ní kíláàsì ni ó sì lè pè ní àbúrò. Èrò rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti gbogbo ẹni tí ó kúrò nílé lọ wá nǹkan: kí òun kàwé, kí òun gba oyè lọ́yà, kí òun padà sílé kí òun jẹun. Kò sí ohun tí ó fi hàn pé ó pinnu láti dá ẹgbẹ́ kankan sílẹ̀ nígbà tí ó ń di ẹrù rẹ̀.

Owó ni ó kọ́kọ́ fi ojú rẹ̀ rí nǹkan. Ìgbà kan wà tí ó jẹ́ pé Yorùbá tí ó ń kọ́ àwọn Òyìnbó ní School of Oriental Studies ni ó fi ń gbọ́ bùkátà. Ibùgbé náà kò rọrùn. Ní ayé ìgbà náà, aláwọ̀ dúdú lè rí ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ojú fèrèsé pé yàrá wà fún ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ́, kí ó kan ilẹ̀kùn, kí onílé yọjú wo àwọ̀ rẹ̀, kí ó sì ní wọ́n ti gba yàrá náà ní àárọ̀ yẹn. Àwa tí a ti dúró lẹ́nu ọ̀nà onílé rí pẹ̀lú ẹrù lọ́wọ́ mọ ohun tí èyí ń ṣe fún ọkàn ènìyàn. Bí ó ti rí fún Ṣóláńkẹ́ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún ọmọ Gold Coast (tí a ń pè ní Gánà lónìí), fún ọmọ Sàró àti fún ọmọ Gáńbíà. Olúkúlùkù sì ń jẹ ìyà tirẹ̀ ní kọ́lọ́fín tirẹ̀.

Ní ọdún 1924 ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe àfihàn ńlá kan ní Wembley, níbi tí wọ́n ti pàtẹ ohun gbogbo tí ó ti àwọn ilẹ̀ abẹ́ wọn wá, ti Nàìjíríà sì wà níbẹ̀. Ìwé ìròyìn kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Evening News, wá gbé ọ̀rọ̀ jáde tí ó fi àwọn ènìyàn wa hàn bí ajẹ̀nìyàn àti olóògùn. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ka ìwé náà, wọ́n bínú, wọ́n sì ká a sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ṣóláńkẹ́ mú kálámù. Ó kọ ìwé ìtakò sí ìwé ìròyìn West Africa, ó sì fi ẹ̀rí tako irọ́ náà. Ní ọdún yẹn kan náà ni ó sọ̀rọ̀ ní èdè Yorùbá lórí ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a sì ń kà á sí ẹni àkọ́kọ́ tí ó lo èdè wa lórí rédíò. Ẹ wo ọkùnrin tí kò rí yàrá gbà láàárín ìlú, tí ohùn rẹ̀ ń dún láti inú àpótí lórí tábìlì àwọn onílé!

Ìwé ìtakò yẹn ni ó mú un pàdé olùkọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ ìlú, obìnrin sì ni. Amy Ashwood Garvey, ọmọ ilẹ̀ Jàmáíkà, tí ó ti jẹ́ ìyàwó Marcus Garvey rí, tí ó sì ti bá a ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀, ka ohun tí Ṣóláńkẹ́ kọ, ó sì wá a kàn. Obìnrin yìí mọ ohun tí Ṣóláńkẹ́ kò tíì mọ̀, pé bí ìbínú ẹnì kan ti wù kí ó tóbi tó, bí kò bá di ìpàdé, kí ó ní akọ̀wé, kí ó ní akápò, yóò rọlẹ̀ ni. Ní oṣù Júláì ọdún 1924, àwọn méjèèjì dá Nigerian Progress Union sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ tí wọ́n jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Wọ́n fi Amy Ashwood jẹ Ìyálóde láàárín ara wọn. A kò mọ̀ bóyá ìdí oyè náà yé àwọn Òyìnbó tí ó wà nítòsí, ṣùgbọ́n ó yé àwa.

Ẹ̀kọ́ kejì tètè tẹ̀lé e. Ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà nìkan dára, ṣùgbọ́n onílé tí ó ti ilẹ̀kùn kò béèrè bóyá ọmọ Abẹ́òkúta ni ó ń kànkùn tàbí ọmọ Accra. Dókítà Herbert Bankole-Bright, ọmọ Sàró tí ó wà nínú àpéjọ àwọn olóṣèlú Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1925, ó sì rọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti para pọ̀. Ní ọjọ́ keje oṣù Ògọ́ọ́sì ọdún náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin mọ́kànlélógún dá West African Students' Union sílẹ̀, èyí tí a ké kúrú sí WASU. Ọmọ Gold Coast, J. B. Danquah, ni wọ́n fi ṣe ààrẹ. Ṣóláńkẹ́ di akọ̀wé àgbà. A fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí èyí dáadáa: ẹni tí ó sáré jù lọ kí ẹgbẹ́ tó dúró kò bá wọn du àga ààrẹ. Iṣẹ́ akọ̀wé, tí ó jẹ́ iṣẹ́ lẹ́tà kíkọ, ìwé ìpàdé títọ́jú, àti bíbẹ ẹni tí ó bínú kúrò nípàdé, ni ó tẹ́wọ́ gbà, ó sì ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Orúkọ ẹgbẹ́ náà dùn létí ọmọ Yorùbá, nítorí pé ẹni tí ó bá pè é yóò gbọ́ wàásù. Ní ọdún 1926, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé ìròyìn ti ara wọn, Wasu ni wọ́n sì sọ ọ́. Ní ọdún yẹn náà ni Ṣóláńkẹ́ di lọ́yà. Ní ọdún 1927, ó tẹ ìwé kan jáde lórí ipò tí ó yẹ kí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wà láàárín àwọn orílẹ̀-èdè ayé. Bí ó bá fẹ́ padà sílé lọ ṣe lọ́yà, ìgbà náà ni ìbá lọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, wọ́n kọ́lé, wọ́n ra mọ́tò, wọ́n sì wọ ìgbìmọ̀ aṣòfin. Òun kò lọ. Ọ̀rọ̀ ilé gbígbé ti wọ̀ ọ́ lára. Ó ti rí i pé ẹgbẹ́ tí kò ní òrùlé, àlejò ni títí láé.

Ní ọdún 1928, Marcus Garvey fi ilé kan ní West Kensington ran ẹgbẹ́ náà lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ilé àyálò kò pẹ́ lọ títí, kò sì ju bí ọdún kan lọ tí ó fi bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣóláńkẹ́ sì múra ní ọdún 1929, ó padà wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti wá owó ilé. Nǹkan bí ọdún mẹ́ta ni ó fi wà lẹ́nu ìrìnàjò yìí. Ó lọ sí ilẹ̀ Sàró, ó lọ sí Gold Coast, ó sì káàkiri ní Nàìjíríà.

Kí a dúró díẹ̀ níbí, nítorí ibí ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Lọ́yà tí ó kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó ti tẹ ìwé, tí ó sì lè takurọ̀sọ pẹ̀lú àwọn aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ń ti ààfin dé ààfin, tí ó ń ti ilé ìjọsìn dé gbọ̀ngàn ìpàdé, tí ó ń tọrọ owó fún ilé tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń bẹ̀ kò ní fojú rí láéláé. Kí ni yóò sọ fún ìyá kan tí ó ń ta ẹja kí ó tó yọ ṣílè kan fún yàrá ní ìlú Òyìnbó? Ó ní láti kọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ náà. Ó ní láti fi hàn wọ́n pé ọmọ tí ó sùn síta lọ́hùn-ún, ọmọ wọn ni, àti pé òṣìṣẹ́ ìjọba tàbí lọ́yà tí yóò jẹ́ lọ́la, àwọn ni yóò wá jẹ ẹ́ fún. Bí ó ti ń lọ, ó ń dá ẹ̀ka ẹgbẹ́ sílẹ̀, kí ó lè jẹ́ pé lẹ́yìn tí ó bá ti kúrò, ẹni kan yóò wà tí yóò máa rántí. Ìgbà náà pẹ̀lú kò rọgbọ. Ọjà ti kú káàkiri ayé, owó kòkó ti wálẹ̀, àwọn aláṣẹ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì ń fura sí ẹni tí ó bá ń kó ènìyàn jọ. Ẹni tí ó bá ti gbé káàdì ìdáwó lọ́wọ́ rí láàárín wa, tí ó lọ sí ilé ọlọ́rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mẹta tí wọ́n ní bàbá kò sí nílé, kí ó fi ọdún mẹ́ta ṣe ìṣirò rẹ̀.

Ní ọdún 1932, ó padà sí Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú owó, àti pẹ̀lú ìyàwó, Ọpẹ́olú. Kò sí ẹni tí ó lè sọ ìtàn ilé WASU láìdárúkọ obìnrin yìí. Ní oṣù Mááàṣì ọdún 1933, ilé náà ṣí ní Camden Road. Ṣóláńkẹ́ ni alábòójútó, Ọpẹ́olú ni ìyá ilé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ọkọ̀ ojú omi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé, tí kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, rí ibi tí yóò kó àpótí rẹ̀ sí. Ó rí oúnjẹ ilẹ̀ Áfíríkà jẹ. Ó rí ìwé kà, ó rí ìpàdé àti ijó lọ, ó sì rí ẹni tí yóò bá a wí bí ó bá ń fi owó ilé ìwé ṣe fàájì. Àwọn ọmọ ẹ̀yà oríṣiríṣi tí kò bá má mọra nílé jọ jókòó sórí tábìlì kan níbẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni ti ẹni tí ń kọ ìwé ìtakò, ṣùgbọ́n tí òtútù bá dé tí owó èédú kò pé, tí akẹ́kọ̀ọ́ kan sì jẹ owó yàrá oṣù mẹ́ta, ohun tí ilé fẹ́ nígbà náà ni sùúrù àti ìwé ìṣirò. Ṣóláńkẹ́ kọ́ méjèèjì lórí iṣẹ́. Kò sí kíláàsì òfin tí wọ́n ti kọ́ ọ.

Ilé náà kò tíì tó ọdún méjì tí ìdánwò fi dé. Ọ́fíìsì ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń bójú tó àwọn ilẹ̀ abẹ́ wọn wà lẹ́yìn ilé mìíràn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tí wọ́n pè ní Aggrey House, tí ó ṣí ní ọdún 1934. Wọ́n fi orúkọ Aggrey, ọmọ Gold Coast tí gbogbo ènìyàn bọ̀wọ̀ fún, sọ ọ́. Ilé náà dára, owó sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹlòmíràn ìbá ní ilé kì í pọ̀ jù. Ṣóláńkẹ́ àti WASU ní rárá. Ojú tí wọ́n fi wò ó ni pé ẹni tí ó fún ọ ní ilé yóò máa mọ ẹni tí ń wọlé àti ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀. Wọ́n tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀, wọ́n sì rọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n má ṣe dé ibẹ̀. Ìjà náà le, kì í sì í ṣe gbogbo ọmọ Áfíríkà ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó wà lẹ́yìn Ṣóláńkẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá, ìjọba kan náà wá ń fi owó ran ilé WASU lọ́wọ́, Ṣóláńkẹ́ sì gbà á. Àwọn kan bú u nítorí èyí. Lójú tiwa, kò yẹ fún èébú. Ó ti kọ́kọ́ fi hàn pé ẹgbẹ́ lè dúró láìsí owó wọn kí ó tó gbà á, owó náà kò sì pa ẹgbẹ́ lẹ́nu mọ́, gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó tẹ̀lé e ti fi hàn. Ní ọdún 1938, wọ́n kó lọ sí ilé tí ó tóbi jù ní South Villas, Camden Square.

Nígbà ogun Hitler ni ilé yìí di ibi tí àwọn alágbára ń tọ̀ wá. Ní oṣù Ògọ́ọ́sì ọdún 1941, Roosevelt ti Amẹ́ríkà àti Churchill ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáde pẹ̀lú ìwé àdéhùn pé gbogbo ènìyàn ni ó ní ẹ̀tọ́ láti yan irú ìjọba tí wọ́n fẹ́. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, Clement Attlee, ọ̀gá ẹgbẹ́ Lébà tí ó wà nínú ìjọba Churchill, wá bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ WASU sọ̀rọ̀, ó sì fi yé wọn pé àdéhùn náà kan gbogbo ẹ̀yà ènìyàn. Ní oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, Churchill sọ ní ilé aṣòfin pé àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí Jámánì gbà ni òun ní lọ́kàn. WASU kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kú síbẹ̀. Ní oṣù Épírì ọdún 1942, wọ́n kọ ìwé sí ìjọba pé kí ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàkóso ara wọn ní ọ̀rọ̀ abẹ́lé lójú ẹsẹ̀, kí òmìnira pátápátá sì dé láàárín ọdún márùn-ún lẹ́yìn ogun. Inú ilé tí a fi ṣílè ẹlẹ́ja dá sílẹ̀ ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti jáde.

Kwame Nkrumah ṣe igbákejì ààrẹ ẹgbẹ́ náà lẹ́yìn tí ó ti Amẹ́ríkà dé ní ọdún 1945. Joe Appiah ti Gold Coast gba ibẹ̀ kọjá, bẹ́ẹ̀ ni H. O. Davies tiwa. Bí a bá ní kí a máa ka orúkọ, ìwé yìí kò ní gba ìpolówó mọ́.

Ó ku apá tí àwọn onítàn ẹgbẹ́ kì í fẹ́ sọ níbi ayẹyẹ, àwa yóò sì sọ ọ́. Ní ọdún 1944, Ṣóláńkẹ́ tún padà wá sílé láti wá owó ilé mìíràn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún mẹ́rin kí ó tó padà ní ọdún 1948. Ó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún. Àwọn ọmọ tí ó bá nínú ilé kì í ṣe àwọn tí ó fi sílẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ti rí ogun, wọ́n ti ka ìwé àwọn alátakò ìjọba, wọ́n fẹ́ òmìnira lánàá òde yìí, wọ́n sì rí bàbá yìí, tí ó ti bá àwọn ọba àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba rìn pẹ́, bí ẹni tí ó ń fà wọ́n sẹ́yìn. Òun náà rí wọn bí ọmọ tí kò mọ ibi tí a ti gbé òrùlé wá. A gbà pé ẹjọ́ méjèèjì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ní ẹ̀tọ́ láti ṣàkóso ẹgbẹ́ tí í ṣe ti akẹ́kọ̀ọ́, Ṣóláńkẹ́ kì í sì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ láti ọdún méjìlélógún. Ẹni tí ó ti kọ́ bí a ṣe ń tọrọ, bí a ṣe ń tọ́jú, àti bí a ṣe ń jà, kò kọ́ bí a ṣe ń gbé kọ́kọ́rọ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Kò sì sí ẹni tí ó jókòó kọ́ ọ. A kò mọ̀ bóyá ọjọ́ kan wà tí ẹgbẹ́ pè é síta láti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba, kí wọ́n sì fún un ní àga àgbà tí yóò fi lè máa gbani nímọ̀ràn láìṣe àkóso. Bí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀, kò tó láti dá ìjà náà dúró.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n pínyà. Ẹgbẹ́ ń bá tirẹ̀ lọ. Ṣóláńkẹ́ àti Ọpẹ́olú ń ṣe àkóso ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ara wọn ní ìlú kan náà, wọ́n sì ń gba àwọn ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe láti ọdún 1933. Iṣẹ́ yìí ni ó wà lẹ́nu rẹ̀ títí tí àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀fóró fi mú un lọ, ní ọjọ́ kejì oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà ọdún 1958, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ku ọdún méjì àti oṣù kan kí Nàìjíríà gba òmìnira. Kò fi iṣẹ́ lọ́yà rẹ̀ kó ọrọ̀ jọ.

Àwọn ìwé rẹ̀ padà wá sílé. Yunifásítì Èkó ní Akọkà ni a kó wọn sí, nínú yàrá ìkàwé ibẹ̀, níbi tí ọmọwé G. O. Olúsànyà ti lò wọ́n nígbà tí ó ń kọ ìtàn ẹgbẹ́ WASU, tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1982. Lẹ́tà wà níbẹ̀, ìwé ìpàdé wà níbẹ̀, àkọsílẹ̀ owó tí wọ́n gbà àti owó tí wọ́n ná pẹ̀lú sì wà níbẹ̀.